ÈBÚTÉ MẸ́TA, ÌLÚ TÍ ÀWỌN ASÁSÁLÀ TẸ̀DÓ

Àsọyé kan ní Èrúkù



Nígbà tí a gba ìwé pé kí a wá sọ̀rọ̀ ní Èrúkù, wọ́n fi yíyan ọ̀rọ̀ sí wa lọ́wọ́. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé Èbúté Mẹ́ta ni a mú, àdúgbò kan ní òdìkejì ọ̀sà Èkó, tí ó jìnnà gidigidi sí ilẹ̀ Èkìtì ti Kwara yìí. Ìdí tí a fi mú un kò ṣe àjèjì sí yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní ìlú yìí gan-an, àwọn oníbọn wọ ilé ìsìn Christ Apostolic Church bí àwọn ènìyàn Ọlọ́run ti ń sìn lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn mìíràn wọ igbó lọ. Ènìyàn 38 ni a rí gbà padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Láti ìgbà náà wá, ìbéèrè kan ni ó ń jẹ wá lọ́kàn, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń bi wá: ẹni tí a bá lé kúrò ní ibi tí ó gbé ń kúnlẹ̀, níbo ni yóò gúnlẹ̀ sí, ǹjẹ́ a ó sì kà á sí ènìyàn níbẹ̀? Àwa kì í ṣe wòlíì. Ṣùgbọ́n a mọ ibì kan tí a ti bi ìbéèrè yìí rí ní ọdún 1867, tí ìdáhùn rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀ títí di òní, ní ojú pópó, ní ilé ìsìn, ní ọjà àti ní ilé iṣẹ́, tí ẹni tí ó bá ní ojú lè kà á.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọjà Òyìngbò kì í mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Gbogbo yín ni ẹ mọ òwe náà. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín má mọ̀ pé ní Èbúté Mẹ́ta ni Òyìngbò náà gbé wà. A ó padà bá òwe yìí kí ọ̀rọ̀ wa tó parí, nítorí a ní ẹjọ́ kan láti bá a rò.

Ní ìgbà tí à ń wí yìí, omi ni ó pààlà láàárín ìlú Èkó àti òkè ilẹ̀. Kò sí afárá. Ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn ń wọ̀ láti Èkó dé Iddo, tí òun náà jẹ́ erékùṣù, kí ó tó kọjá sí etí òkè ilẹ̀ tí ó kọjú sí i. Orúkọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́: èbúté ni, ibi tí àwọn awakọ̀ gbé ń gúnlẹ̀, tí ará oko gbé ń sọ ẹrù. Ilẹ̀ náà jẹ́ ti Olótò, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun, tí ilẹ̀ Èkó wà ní ọwọ́ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ fi èyí sí ọkàn. Àwọn tí ń ròyìn bí a ti tẹ Èbúté Mẹ́ta dó a máa sọ ọ́ bí ẹni pé igbó tí kò ní olúwa ni wọ́n bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí.

Ní 1861 ni Èkó bọ́ sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí tí ìjọba Èkó àti àwọn Ẹgbá ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn pẹ̀lú ojú àìgbẹ́kẹ̀lé. Ìjọba Èkó ń fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sí ojú ọ̀nà tí àwọn Ẹgbá kà sí tiwọn. Ọ̀rọ̀ owó ibodè sì wà níbẹ̀, òwò ni ó sì ń bọ́ ìlú. Àwa tí a jẹ́ àlùfáà ní láti sọ òtítọ́ yìí, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wa: àwọn Ẹgbá ní ẹ̀sùn tí ó tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni pé, nígbà tí ọwọ́ wọn kò tó gómìnà, àwọn tí ó wà ní ìtòsí, tí kò ní ìbọn, ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n rí ìwàásù òyìnbó àti ìjọba òyìnbó bí ojú méjì ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kọlu àwọn ilé ìsìn àti ilé àwọn míṣọ́nnárì ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó ẹrù inú wọn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní ìlú. Ifọ́lé ni àwọn Ẹgbá ń pe ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Nínú ìfọ́lé yìí kan náà ni Ìwé Ìròyìn, tí Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìwé ìròyìn tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní èdè Yorùbá, dé òpin rẹ̀. A kò lè ṣàì dárò rẹ̀, nítorí kò sí ìwé pẹlẹbẹ irú èyí tí kò jẹ ìwé ìròyìn náà ní gbèsè.

Ọ̀pọ̀ àwọn Kristian Ẹgbá tẹ̀lé àwọn míṣọ́nnárì wọn jáde. Ẹ rò ó wò. Ìyá ń pọn ọmọ, bàbá ru àpótí ní orí, ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà mú ayùn rẹ̀ dání. Wọ́n sì ń bọ̀ ní Èkó, ìlú tí a ti ń bá ìlú wọn jà. Wọn kì í ṣe ọmọ Èkó. Nínú wọn ni àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní ojú òkun, tí a sọ̀ sí Sàró, tí wọ́n sì ti padà sí ilé. Àwọn wọ̀nyí ń di aláìnílé ní ẹ̀ẹ̀kejì nínú ayé kan ṣoṣo.

Ẹni tí ó gbà wọ́n ni John Hawley Glover, tí ó ń ṣe alákòóso Èkó nígbà náà. Àwọn kan yóò wí pé ó yẹ kí ó gbà wọ́n, nítorí ìjà tirẹ̀ ni ó lé wọn. A kò ní bá wọn jiyàn. Èbúté Mẹ́ta ni ó fi wọ́n sí. Ohun tí ó sì ṣe níbẹ̀ ni ó mú kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí: ó wọn ilẹ̀. Ó la pópó títọ́, ó tún la òmíràn kọjá ní ìbú rẹ̀, bí ojú ìlà tí àwọn ọmọdé ń fà sí inú ìwé ìṣirò. Ó sì pín àárín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn asásálà. Ẹni tí ó bá rìn ní Èbúté Mẹ́ta lónìí, tí ó sì ti mọ bí àdúgbò Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí, pẹ̀lú agbo ilé tí ó wọnú ara wọn àti ọ̀nà tóóró tí ń yí kiri, yóò rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ilẹ̀ tí a fi okùn wọ̀n.

Ìwé kékeré kan ni a fún ẹni tí ó gba ilẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì Glover. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ kò lè mọ iye ẹjọ́ tí irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ lè bí. Ṣé ẹni tí ó ni tíkẹ́ẹ̀tì ni ó ni ilẹ̀ pátápátá, tí ó sì lè tà á, tàbí ti gbogbo ìdílé rẹ̀ ni? Ọmọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Kí sì ni ti Olótò, tí a kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ogun? Ìdílé Olótò kò panu mọ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn lọ sí ilé ẹjọ́, orúkọ wọn sì wà nínú àwọn ìwé ìdájọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò ń kà. Nígbà tí ó pẹ́, ìjọba ní kí Sir Mervyn Tew wádìí gbogbo ọ̀ràn ilẹ̀ Èkó, ní 1947 a sì ṣe àwọn òfin láti tú okùn náà. Ọ̀kan nínú wọn wà fún ilẹ̀ tí Glover pín yìí, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe òfin náà. Ọgọ́rin ọdún ni ó kọjá láti ìgbà tí a ti fi àánú gba àlejò títí di ìgbà tí a rántí láti to ọ̀rọ̀ onílé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá di olórí ní ibi tí a gbé ń gba asásálà, kí ó kọ́kọ́ pe onílẹ̀ jókòó kí ó tó mú okùn ìwọnlẹ̀.

Ohun tí àwọn àlejò náà kọ́kọ́ wá ibùjókòó fún ni ìsìn wọn. Láti inú wọn ni ìjọ St. Jude ti Èbúté Mẹ́ta ti jáde, tí ó wà títí di òní. Ó máa ń wù wá láti rò pé ẹni tí ó yan orúkọ náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìwé Júúdà kò ju orí kan lọ nínú Bíbélì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣí i kọjá láìmọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ń pè láti dúró ṣinṣin nínú ìgbàgbọ́ ni a kọ ọ́ sí. Pópó kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Brickfield, orúkọ náà sì ń jẹ́rìí pé bíríkì ni a ń sun ní ibẹ̀ rí. Ní etí ọ̀sà, ní Òkò Baba, gẹdú ni a ń fi omi gbé wá láti inú igbó, tí a dì wọ́n pọ̀ bí ẹní tí ó léfòó, tí ẹ̀rọ ìlagi sì ń là wọ́n ní pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ní kí àwọn alágẹdú kó lọ sí Àgbọ̀wà.

Ní 1887, ní ìgbà Gómìnà Alfred Moloney, a dá ọgbà ìdánwò ohun ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́. A ń gbin èso níbẹ̀ láti rí èyí tí ilẹ̀ wa yóò gbà, a sì ń pín àwọn irúgbìn bíi kòkó àti kọfí fún àwọn àgbẹ̀. A kò rí ẹni tí ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ọgbà náà wà mọ́, ó sì dùn wá, nítorí àwa ará òkè tí ọ̀pọ̀ wa fi owó kòkó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Rélùwéè ni ó sọ Èbúté Mẹ́ta di ìlú gbogbo ènìyàn. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti etí ọ̀sà yìí lọ sí òkè. Ní 1901 ọkọ̀ ń rìn dé Ìbàdàn. Ní ọdún náà gan-an ni Afárá Carter so Èkó mọ́ Iddo, tí afárá Denton sì so Iddo mọ́ Èbúté Mẹ́ta, tí ènìyàn fi lè fi ẹsẹ̀ rìn láti erékùṣù dé òkè ilẹ̀ láìfi ọwọ́ kan àjẹ̀. Ní 1908 irin náà dé Ìlọrin, ó sì gba Ọ̀fà kọjá. Ní 1912 a so ìlà ti Èkó mọ́ èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano, ó sì di Rélùwéè Nàìjíríà. Ní Èbúté Mẹ́ta ni ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí a gbé ń tún orí ọkọ̀ ṣe, tí a ń rọ irin, tí fèrè ń dún ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí gbogbo àdúgbò sì fi ń mọ àkókò. Ọmọ Ẹgbá tí ó wá bí asásálà ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wá bí oníṣòwò àti ọmọ Ìgbò tí ó wá bí akọ̀wé. Ẹ wo orúkọ àwọn pópó rẹ̀: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òndó, Kano. Ọmọ tí a bí níbẹ̀ lè rin ilẹ̀ Nàìjíríà já kí ìyá rẹ̀ tó pè é wá jẹun.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà ogun Hitler, ohun gbogbo wọ́n gógó, owó oṣù sì dúró sí ojú kan. Michael Imoudu, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè, ni ìjọba mú kúrò ní Èkó, tí wọ́n sì fi sí Auchi; ó padà ní 1945, ní oṣù kẹfà ọdún náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́wọ́ iṣẹ́ sílẹ̀ yí ká Nàìjíríà. Ó ju oṣù kan lọ kí ó tó parí. Àwọn alàgbà ìjọ kan ní ìgbà náà kò fẹ́ràn ariwo bẹ́ẹ̀. Àwa rò pé ọmọ ọmọ ẹni tí a ti lé ní ilé rí ni ó tètè ń mọ̀ nígbà tí a bá ń fẹ́ lé òun ní ibi iṣẹ́.

Nínú ọgbà Rélùwéè yìí, ilé kan wà tí ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ rí bí ẹ bá dé Èkó. Jaekel House ni à ń pè é. Ní 1898 ni a kọ́ ọ, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pákó ni a fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀, igi ńláńlá sì ṣíji bò ó. Orúkọ Francis Jaekel ni ó ń jẹ́, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ Rélùwéè, tí ó sì kọ ìtàn rẹ̀. Ilé náà ti ń di àlàpà kí ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy tó tún un ṣe, tí ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2010. A rí i pé ó ṣeé ṣe, nígbà náà, láti gba ilé àtijọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sáábà ṣe é. Ní òdìkejì afárá, ní Tinúbú, Ilójó Bar, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ni a wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ní Èbúté Mẹ́ta fúnra rẹ̀, àwọn ilé àtijọ́ olójú fèrèsé pákó ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé gíga alámọ̀ọ́lẹ̀ púpọ̀ ni a ń kọ́ rọ́pò wọn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ́ dáradára. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ọ̀kan wó ní Ìbàdàn Street mọ́ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ lórí, ó sì pa nínú wọn.

A kò ní pẹ́ lórí Yàbá tí ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àrùn eku tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924 ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú sílẹ̀ ní 1928, tí a sì la Yàbá sílẹ̀ láti dín ìhámọ́ erékùṣù kù. Ní 1932 ni Higher College bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, láti inú rẹ̀ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn ti jáde ní 1948. Àsọyé mìíràn ni èyí. Ẹni tí ó bá sì gba Afárá Kẹta kọjá, èyí tí a parí ní 1990, yóò rí ẹ̀yìn Èbúté Mẹ́ta láti ojú omi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń sáré ju kí ó lè rí i dáadáa.

Ó kù wá ku Òyìngbò. Ọjà irè oko ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ní ibi tí ọ̀nà omi àti ọ̀nà ilẹ̀ gbé pàdé. Rélùwéè sì sọ ọ́ di ńlá. Ní 2015 ni a ṣí ilé ọjà tuntun síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti wó ti àtijọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní 2024 ọkọ̀ ojú irin ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti Agbádò bẹ̀rẹ̀ sí já èrò sílẹ̀ ní Òyìngbò, bí ọkọ̀ Ìbàdàn tuntun ti ń já wọn sílẹ̀ ní Alágomejì láti 2021, ní ibùdó tí a fi orúkọ Mobolaji Johnson pè. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní Òyìngbò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yóò gbà pé òwe náà kò purọ́.

Síbẹ̀ a ní ẹjọ́ láti bá a rò. Ọjà ni kò mọ̀. Ìlú tí ó yí ọjà náà ká kò lè wí bẹ́ẹ̀, nítorí ènìyàn tí a mọ orúkọ rẹ̀ ni a fi tẹ̀ ẹ́ dó: ẹni kan, ilẹ̀ kan, tíkẹ́ẹ̀tì kan. Nínú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó tí ìjọ ń kọ, kò sí èrò. Súsánà ọmọ ẹni báyìí ni a ń rí, Daniel káfíńtà, ìyá ìbejì tí ó kú ní ọ̀sẹ̀ tí ó dé. Nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìdílé tí ó wá láti Abẹ́òkúta fi lè sọ, lẹ́yìn ìran mẹ́rin, ẹni tí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ nínú wọn. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn náà ní ọ̀nà Rélùwéè, tí a kò kọ orúkọ wọn sí ibì kankan ju ìwé owó oṣù lọ, àwọn ni Òyìngbò gbé mì. Àwọn ọmọ òkè pọ̀ nínú wọn. Ní ilẹ̀ yìí a mọ àwọn ilé tí a gbé ń wí pé, bàbá wa àgbà ní àbúrò kan tí ó lọ ṣiṣẹ́ Lọ́kọ́ ní Èkó, tí a kò sì tún gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí a tó dé ibí a ti bẹ ìgbìmọ̀ tí ó pè wá pé kí wọ́n ra ìwé ńlá kan, elẹ́yìn líle, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ gbèsè. Wọ́n ti rà á. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti lọ sí Èkó, sí Ìlọrin tàbí sí ibòmíràn láti oṣù kọkànlá náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ó lọ, àti pópó tí ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò bàbá àgbà tí ó sọnù sí Lọ́kọ́, ẹ sọ tirẹ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ àbísọ nìkan ni ẹ rántí. Ti àwọn tí a pa ni a ti kọ sí ojú ewé kìn-ín-ní. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, akọ̀wé jókòó tì í, yóò sì wà níbẹ̀ títí tí ilẹ̀ yóò fi ṣú.